Ọ̀kín Inú Pòròpórò

Ilé Bàbá Dattu, lẹ́bàá Pune
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, ọdún 2017

Bàbá mi,

Sat Sri Akal. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú oòrùn. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹfọ̀n dúdú yẹn ti bí? Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa, àbí tíì nìkan ni ẹ ń mu láti àárọ̀ di ọ̀sán?

Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn pé lẹ́tà mi pẹ́. Bí etí yín bá gba fóònù ni, ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìpakà ti ba etí yín jẹ́, bí agbọ́n inú agolo ni ohùn mi ń rí létí yín. Nítorí náà, ẹ gba tèmi lórí ìwé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá kórè ìrẹsì tán lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun pòròpórò rẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo abúlé ló ń sun ún, kí wọ́n lè tètè gbin àlìkámà. Ẹ di tiyín ní ìdì-ìdì, kí ẹ sì tọ́jú wọn síbi tí kò ní omi. Ilé-iṣẹ́ wa yóò rán lọ́rì wá kó wọn.

Ilé-iṣẹ́ ìdánwò ni tiwa, kékeré ni. Tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo là ń lò lóòjọ́. Ọ̀bẹ á gé pòròpórò wẹ́wẹ́, ọ̀pá ìyí ńlá kan á máa tì í wọ inú ìkòkò irin, ooru omi àti ásíìdì díẹ̀ á sè é títí á fi rọ̀. A ó wá sọ ọ́ di ṣúgà, ìwúkàrà á sọ ṣúgà di ọtí, ọtí yẹn ni mọ́tò yóò mu bí ẹni mu epo. Bí a bá lè ṣe é fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko láìdúró, àwọn ará ìjọba tó ń wò wá ti ṣèlérí pé ìtòsí abúlé wa ni wọ́n máa kọ́ ilé-iṣẹ́ gidi sí. Nígbà náà, kò sẹ́ni tí èéfín máa tún fún lọ́rùn ní Punjab. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ọjọ́ náà.

Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún: amọ̀, òkúta àti irin. Ọ̀pá ìyí wa kò fẹ́ rí wọn. Bàbá Dattu tí mo ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ń gba pòròpórò wọlé lẹ́nu géètì. Á ti ọwọ́ bọ àárín ìdì kọ̀ọ̀kan dé ìgúnpá, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, á rẹ ẹ́ sínú garawa omi, á sì wo ohun tó bá rì. Ìdì tí yanrìn bá jáde nínú rẹ̀ kò ní wọlé, ìbáà jẹ́ ọba ló ni ín.

Màmá Kamal, ìyàwó rẹ̀, ní kí n kí yín. Àràárọ̀ ló ń fún mi ní bhakri gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn níbí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ yín,
Veerpal


Chak Behniwal
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Veerpal ọmọ mi,

Sat Sri Akal. Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le, ẹfọ̀n ti bí, abo ni. Tíì tí mò ń mu kò kàn ọ́.

Oṣù méjì gbáko ni o fi dákẹ́. Nígbà tí o wá máa sọ̀rọ̀, pòròpórò lo béèrè. Ọmọ tí mo ta ẹfọ̀n méjì rán lọ sílé ìwé! Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́. N kò ní sun ún.

Nirbhai ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí lábẹ́ igi báńyánì. Ó ní, “Bachittar, ìwọ tí o kò fi ọtí kan ẹnu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ọmọ rẹ ló wá lọ ń pọn ọtí ní Pune. Sọ fún un kó fi ìgò kan ránṣẹ́ sí wa, kí á tọ́ ọ wò.” Mo ní mọ́tò ló ń mu ún. Ó ní òun náà ń ké bí mọ́tò tí òun bá sùn, kí wọ́n wá bi ìyàwó òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Mo rí i lẹ́nu wọn pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò gbọ́ ọ.

Oko tiwọn ti ń jó. Láti àná ni ojú ti ń ta mí. Tèmi nìkan ni kò jó, wọ́n sì ní àlìkámà mi yóò pẹ́. Ó lè pẹ́. Ọmọ mi ló ní kí n ṣe é.

Àyè tí n ó kó ìdì sí ni mò ń wá. Ó dà bí ẹni pé n ó wó àká tí ìyá rẹ ń kó ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ tó fi ń dáná sí. Láti ọdún mẹ́fà tí ó ti kú, kò sẹ́ni tó kó nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Máa kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Bachittar Singh


Ilé Bàbá Dattu
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Sat Sri Akal. Kíákíá ni mo fi ń kọ èyí, àsìkò kò sí. Ọjọ́ kẹfà nìyí tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ojú gbogbo wa ti pọ́n. Tí ìkòkò bá mí kanlẹ̀ báyìí, àyà mi á já.

Lọ́rì yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀. Pòròpórò tí a ní nílẹ̀ ti ń tán, tiyín ni a ó fi parí ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gá Bapat, bi mí pé ṣé mo fọkàn tán ẹni tó fẹ́ kó pòròpórò fún wa. Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ rántí o: kò sí amọ̀, kò sí òkúta, kò sí irin.

Ẹ kú ìfaradà Nirbhai.

Ọmọ yín,
Veerpal


Chak Behniwal
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Veerpal ọmọ mi,

Sat Sri Akal. Lọ́rì náà kúrò níbí ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ìdì ọgọ́fà. Ọwọ́ mi ni mo fi yẹ gbogbo wọn wò. Awakọ̀ náà ní òun kò rí pòròpórò tó mọ́ tó báyìí rí. Mo fún un ní wàrà mu.

Mo fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ọ nínú ẹrù náà. Nígbà tí mo ń wó àká ìyá rẹ, mo dé ibi ọ̀kín tí ó fi amọ̀ ṣe sára ògiri. O rántí. Ìwọ lo ń po amọ̀ àti ìgbẹ́ fún un, o kò ju ọmọ ọdún méje lọ, òun sì ń fi ìka fa ìrù rẹ̀ gùn. Ó fi dígí kékeré ṣe ojú rẹ̀. Wàá máa sá fún ojú yẹn ní ìrọ̀lẹ́, o ní ó ń wò ọ́.

Ọwọ́ mi kò gbà kí n wó o. Mo fi ayùn rẹ́ ẹ kúrò lára ògiri bí ẹni rẹ́ ara ènìyàn, kò fọ́. Mo fi irin ṣe ìkọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí o lè gbé e kọ́ sára ògiri yàrá rẹ. Mo fi láwàní aláwọ̀ aró tí mo wé lọ́jọ́ tí o gba ìwé-ẹ̀rí wé e, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí àárín ìdì kan. Mo ta okùn pupa mọ́ ìdì náà kí o lè mọ̀ ọ́n. Tí n bá gbé e fún ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á fọ́ ọ. Inú pòròpórò ló ti máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Mo mọ ohun tí o sọ nípa amọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa yọ ọ́ kí ẹrù tó dé ibi ẹ̀rọ.

Kọ̀wé sí mi ní kété tí ó bá dé ọwọ́ rẹ.

Bàbá rẹ,
Bachittar Singh


Ilé Bàbá Dattu
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Sat Sri Akal. Mo kí yín o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó kọjá. Lọ́rì ti dé ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀kín náà ti dé ọwọ́ mi. Ó wà lára ògiri. Ẹ ṣé gan-an.

Ẹ̀rọ wa ní ìjàǹbá díẹ̀, ó dúró ní ọjọ́ ogún. Wọ́n ń tún un ṣe. A óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí oókan. Kò sí ẹni tí ó fara pa.

Bàbá Dattu kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Òtútù ti mú níbí. Ẹ máa wọ súẹ́tà yín.

Ọmọ yín,
Veerpal


Chak Behniwal
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá

Veerpal ọmọ mi,

Sat Sri Akal. Inú mi dùn tí mo gbọ́ pé ó dé láìfọ́. Oorun kò kùn mí dáadáa láti ìgbà tí lọ́rì náà ti lọ. Mo ń ro gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà.

Ògiri wo lo gbé e kọ́? Ṣé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń kan ojú rẹ̀? Ìyá rẹ fẹ́ kí oòrùn máa bá dígí yẹn. Ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Nirbhai. Mo ti sọ fún gbogbo wọn lábẹ́ igi pé ọ̀kín Gurdial, ìyá rẹ, ti wọ ọkọ̀, ó ti dé Pune, ó ń wo ibi iṣẹ́ ọtí. Wọ́n fẹ́ rí i.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kúrú. O kọ́kọ́ sọ fún mi pé Dattu ni ẹni tí kì í gbà fún ọba, o wá ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, o sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òtútù. Kí ló ṣe? Ṣé ó ṣàìsàn ni? Inú ilé rẹ̀ lo ń sùn, o kò sì sọ ohun tó ṣe é.

Kí ló ba ẹ̀rọ jẹ́? Ṣé pòròpórò mi ni?

Tí a bá kórè àlìkámà ní oṣù kẹrin, mò ń bọ̀ wá kí ọ. N ó kí Dattu, n ó sì jókòó ti ọ̀kín náà díẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bachittar Singh


Chak Behniwal
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2018

Veerpal,

Sat Sri Akal. Fọ́tò kò dé, lẹ́tà kò dé. Nirbhai ti ń fi fóònù rẹ̀ pamọ́ tí ó bá rí mi, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń bi í. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Etí mi ló di, ọmọ mi, ojú mi kò fọ́. Mo mọ bí lẹ́tà rẹ ṣe máa ń rí tí inú rẹ bá mọ́.

Bàbá rẹ


Ilé Bàbá Dattu
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìn-ín-ní

Bàbá mi,

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín, bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án.

Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọ̀kín kò sí lára ògiri kankan.

Lọ́rì dé ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá. Ogún ọjọ́ pé lọ́jọ́ náà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Pòròpórò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé, ojú sì ń kán gbogbo wa. Bàbá Dattu gbé garawa rẹ̀ síwájú, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí ó ti máa ń ṣe. Mo ní, “Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ti bàbá mi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ, garawa yìí kò mọ bàbá ẹnì kankan.”

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ṣùgbọ́n àwọn aláàárù ń wò wá, ara mi sì gbóná. Mo ní, “Ṣé olè ni bàbá mi ni? Ṣé ẹ fẹ́ fi omi dán bàbá mi wò ni?” Ohùn mi ròkè. Òun tó ń fún mi lóúnjẹ ni mo ń pariwo mọ́ níwájú àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó da omi garawa nù, ó fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì kó ẹrù wọlé. Okùn pupa wà lára ìdì kan. Mo rí i. Mo rò pé okùn yín tán ni ẹ fi lo pupa.

Ní ọ̀sán, mo gbọ́ tí ọ̀bẹ ń lọ gàgà, lẹ́yìn náà ọ̀pá ìyí kígbe, ó sì kán. Ooru ya jáde níbi ìdè ìkòkò. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Nígbà tí a tú u, aṣọ aláwọ̀ aró ló lọ́ mọ́ ọ̀pá náà. Kí wọ́n tó fà á jáde tán ni mo ti mọ̀ pé láwàní yín ni. Amọ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ìkọ́ irin yín ló há sẹ́nu ọ̀pá. N kò mọ ohun tí ó ń wá níbẹ̀, títí lẹ́tà yín fi dé lọ́jọ́ kẹfà sí i tí mo kà á lórí ibùsùn mi. Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí Màmá Kamal má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ọ̀gá Bapat pè wá jọ. Ó bi Bàbá Dattu pé, “Ṣé ẹ yẹ ẹrù yìí wò?”

Ó ní, “N kò yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Kí ló dé?”

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Bàtà mi ni mo ń wò. Ó ní, “Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà.”

Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu géètì yẹn, Bàbá mi, n kò rí i kí ó rẹ̀ ẹ́ rí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Oko ìrèké ló ń lọ gé ìrèké báyìí, ó sì máa ń fi epo pa ọwọ́ rẹ̀ níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń kí mi. Kò tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí. Màmá Kamal kò mọ nǹkan kan. Ó ṣì ń fún mi ní bhakri láàárọ̀, ó ní kí n jẹun kí n má baà rù, ó sì ń bá mi bínú sí ọ̀gá tó lé ọkọ òun. Mo ń jẹ ẹ́.

Mo rò pé tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi, wọ́n á sì ní àwọn kò kọ́ ilé-iṣẹ́ kankan sí Punjab mọ́, nítorí pé a kò ṣe é fọkàn tán. Mo ní nítorí abúlé ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ nìyẹn náà. Ojú ló ń tì mí.

Ojú ọ̀kín nìkan ló kù. Mo rí dígí náà nínú èérí tí a gbá jáde. Inú páálí ìṣáná ló wà, lábẹ́ ibùsùn mi. N kò lè wò ó.

Ẹ má dárí jì mí kíákíá.

Veerpal


Chak Behniwal
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Veerpal,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì. Oṣù kan ni mo fi gbé gègé tí mo sì ń gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń fìyà jẹ ọ́. N kò mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ bínú sí.

Èmi ni. Ohun mẹ́ta lo ní kí n yẹra fún. O kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó méjì nínú wọn jọ, amọ̀ àti irin, mo wé wọn sínú láwàní kan ṣoṣo, mo sì gbé wọn fún ọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo mọ̀ pé lọ́rì yára ju lẹ́tà lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Èmi nìkan ni kò fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí mo fẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu. O bi Dattu bóyá olè ni bàbá rẹ. Kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan pamọ́ sínú ẹrù, ìwọ sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí fún un.

Mo ti lọ sábẹ́ igi, mo sì ti sọ fún wọn. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, n kò rán ẹnì kankan. Nirbhai ní, “Ẹ̀bùn arúgbó ti fọ́ ìkòkò ìjọba.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó gba ọwọ́ mi mú, ó sì sin mí dé ilé.

Ọ̀kín ti lọ. Amọ̀ ni, ìyá rẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo ti sunkún rẹ̀, mo ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Dattu tí ìrèké ń gé, amọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ọ̀ràn tí èmi pẹ̀lú rẹ bí ni bàbá náà pọ̀n láti oṣù kọkànlá, kò sì ní kí á gbà á lẹ́yìn òun. O sì ń jẹ bhakri ìyàwó rẹ̀.

O ní kí n má dárí jì ọ́ kíákíá. Kò sí lọ́wọ́ mi láti dárí jì ọ́. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ. Kí o tó lọ bá ọ̀gá, sọ fún Kamal.

Mo ti kọ lẹ́tà tèmi sí Bapat náà, ó wà nínú àpò aṣọ mi. N kò tíì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹnu rẹ ṣáájú ìwé mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fún ọ láti ọjọ́ tí èyí bá dé ọwọ́ rẹ.

Ẹfọ̀n kékeré ti ń jẹ koríko.

Bàbá rẹ,
Bachittar Singh


Ilé Bàbá Dattu
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Sat Sri Akal. Ẹ ya lẹ́tà tó wà nínú àpò yín.

Màmá Kamal ni mo kọ́kọ́ sọ fún, bí ẹ ti wí. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró, ó po ó títí mo fi sọ tán. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé mo ń ṣépè fún ọ̀gá yẹn lójú òrìṣà fún oṣù mẹ́rin?” Ó gbé àwo wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí wá jẹun. Èmi náà ń se ìrẹsì mi lórí sítóòfù kékeré. Kò lé mi jáde. Ó kàn ń la ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni.

Ọ̀gá Bapat gbọ́ mi tán. Ó ní ọ̀pá ìyí tó kán kò dun òun tó bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò lé mi. Ó yọ mí nídìí ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́fà, ó sì rán ọkọ̀ lọ mú Bàbá Dattu wá láti oko ìrèké. Ó bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Bàbá Dattu ní òun á padà, lórí pé wọ́n ra garawa tuntun fún òun, èyí àtijọ́ ń jò. Ọ̀gá bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé. Ọmọ pariwo mọ́ mi, mo gbà fún un. Ìwé kò ní kí n gbà fún ẹnì kankan.” Ó ń bínú sí ara rẹ̀ ju bí ó ṣe ń bínú sí mi lọ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ibi tí wọ́n gbé mi lọ ni ẹnu géètì, lábẹ́ Bàbá Dattu. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ka sí ìdì kan, ó ní, “Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò tíì dé àárín. Tì í sí i.” Pòròpórò ti ha gbogbo apá mi. Mo ti mọ bí yanrìn ṣe ń rì, Bàbá mi, ó máa ń yí díẹ̀ kí ó tó balẹ̀.

Ọ̀pá ìyí tuntun ti dé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni a óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí oókan. Wọn kò tíì sọ ohun tí wọn ó ṣe nípa Punjab, n kò sì bi wọ́n.

Ṣé ẹ ṣì ń bọ̀?

Ọmọ yín,
Veerpal


Chak Behniwal
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Veerpal ọmọ mi,

Sat Sri Akal. Mo ti ya lẹ́tà náà. Mo fi dáná tíì.

Mò ń bọ̀. Tí a bá kó àlìkámà wọlé tán, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Nirbhai ló máa fún ẹfọ̀n lóúnjẹ. Ó ní kí n má mu ọtí mọ́tò bọ̀.

Mo ti gbìyànjú láti fi amọ̀ ṣe ọ̀kín mìíràn. Ìgbà mẹ́ta ló wó. Ẹ̀kẹrin dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti adìyẹ, ìrù rẹ̀ sì dà bí ìgbálẹ̀. Ìyá rẹ ìbá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Orí itan mi ni n ó gbé e lé láti ibí dé Pune. Kì í ṣe tìrẹ. Ti Kamal ni, bí ó bá gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́.

Ihò ojú rẹ̀ ṣófo. Mú páálí ìṣáná yẹn jáde lábẹ́ ibùsùn kí n tó dé.

Ohun kan tó kù. Tí mo bá dé ẹnu géètì yín pẹ̀lú ẹrù mi, dúró síbi garawa rẹ. Má sáré wá pàdé mi, má sì sọ fún Dattu pé bàbá rẹ ni. Jẹ́ kí ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí ó yẹ ẹrù mi wò dáadáa bí ó ṣe ń yẹ ti gbogbo ènìyàn. N ó dúró.

Bàbá rẹ,
Bachittar Singh